Ẹní Tí Títí Hun fún Sólà

Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò mi, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń da ẹní bo sólà mi nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ti darúgbó, ó fẹ́ kí oòrùn sùn. N kò dá yín lóhùn nígbà náà nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ gùn, ohùn mi kì í sì í pẹ́ há. Ọwọ́ mi ṣì ń kọ̀wé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ dá yín lóhùn.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí ẹní, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ bí Awoye ṣe dákẹ́ tó nígbà tí mo dé ibí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bí èèyàn bá jí ní òwúrọ̀ nígbà náà, ohun tó máa gbọ́ ni àjẹ̀ tó ń kan ara ọkọ̀, àwọn obìnrin tó ń kí ara wọn láti ojú fèrèsé kan sí ìkejì, àti òkun fúnra rẹ̀ tó ń mí lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò ju méjì lọ. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, a ti máa gbọ́ ọ tipẹ́ kó tó yọ, àwọn ọmọ iléèwé mi á sì ti pe orúkọ ẹni tó ni ín kí n tó sọ pé kí wọ́n jókòó. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń bú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ẹ sì ń sùn sínú ariwo wọn. N kò bá yín jà. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ ọlọ kò lè mọ̀ pé ọlọ ń pariwo. Iléèwé náà gan-an ti wà nínú òkun báyìí. Ibi tí pátákó ìkọ̀wé mi wà tẹ́lẹ̀, àwọ̀n ni àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń dẹ síbẹ̀.

Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi ló fún mi ní rédíò mi nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí ní gbohùngbohùn tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ á gun atẹ́gùn lọ. Bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, o máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tó wà níbi jíjìn. Ìjọba ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. A kì í fi ṣòwò, a kì í fi ṣe ìṣèlú. Ìfẹ́ lásán ni àwa tó ń lò ó fi ń lò ó. Mo ṣe ìdánwò, mo gba ìwé àṣẹ, mo na wáyà láti ara ilé mi lọ sí orí igi àgbọn kan, mo sì rí i pé omi iyọ̀ tó yí wa ká yìí ń ran ohùn lọ́wọ́ láti rìn jìnnà. Àwọn tó ń gbé orí òkè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Iná nìkan ni ìṣòro. Bátìrì mọ́tò ńlá kan ni rédíò náà ń lò, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè fi iná sí i nítòsí. Ode Mahin ni a ń gbé e lọ, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan tó wúwo bí erinmi. Títí, ìyàwó mi, ọmọ Molutehin, ló ń bá mi tukọ̀. A máa kúrò nílé kí oòrùn tó mú, a sì máa tu ọkọ̀ títí oòrùn á fi kọjá àtàrí. Bátìrì náà ní àyè tirẹ̀ láàárín ọkọ̀, lórí pákó gbígbẹ, mo sì máa ń fi aṣọ òjò mi bò ó. Ibi tí omi ń rọ́ wọ̀ ni Títí ń jókòó sí.

"Tíṣà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé orogún mi jókòó dáadáa?"

"Má pè é ní orogún."

"Kí ni kí n wá pè é? Ẹ gbé e sí àárín, ẹ da aṣọ bò ó, ẹ ń wò ó bóyá omi kàn án. Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún yín, ìdí mi ti tutù rinrin."

Èmi á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ wọn á bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín lórí omi máa ń ràn.

Ọdún kan wà tí a ń ti Ode Mahin bọ̀ nígbà tó ku ọ̀la kí ọdún Kérésì pé. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ wa, bátìrì dojú dé, omi inú rẹ̀ dà sára ìdì aṣọ Kérésì tuntun tí Títí gbé sí ẹsẹ̀. Omi bátìrì kì í ya aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró de ọ. Ní ọjọ́ Kérésì, Títí dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti jó, ìró tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Àwọn obìnrin sáré yí i ká. Ó ń jó lọ láàárín wọn, ó ní, "Ẹ má dààmú, orogún mi ló bu ìpín tirẹ̀ jẹ." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi náà dà, nínú ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi tó kù nínú bátìrì ṣì tó. N kò béèrè aṣọ, n kò béèrè bóyá ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ń padà wá bá mi báyìí, pàápàá ní àsìkò tí mo bá ń jẹun.

Síbẹ̀, ohùn tí à ń gbọ́ nígbà náà mọ́ bí omi òjò inú ìkòkò. Ibi jíjìn ni bátìrì ti jẹun yó. Nígbà tó bá délé, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní Gánà tó gbé ife kalẹ̀ lórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ dé, gbogbo èèyàn yọ̀, èmi náà yọ̀. Kò sí Ode Mahin mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé rédíò sí bátìrì tí wọ́n ń fi iná sí lọ́wọ́, bí ẹni ń yan àgbàdo ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọgbọ́n rẹ̀: ọmọ kì í mu ọyàn kí ó tún máa kọrin. Jẹ́ kí bátìrì jẹun tán, yọ ọ́, kí o tó gbọ́ rédíò. Ṣájà kékeré tí ẹ ń rà lọ́jà, tó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, ariwo ló kún inú rẹ̀. Èyí tó wúwo, tó ní irin àti wáyà bàbà nínú, òun ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Bí àwọn èèyàn ṣe rí náà nìyẹn.

Bọ̀dé, àkọ́bí wa, ló ra sólà fún wa. Oòrùn kì í pariwo. Mo rò pé ìṣòro ti tán. N kò mọ̀ pé àpótí kékeré tó wà láàárín sólà àti bátìrì, tó ń wọn iná oòrùn sínú bátìrì, máa ń kùn bí ẹ̀fọn ní etí rédíò níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà. N kò lè máa tú wáyà rẹ̀ lójoojúmọ́: iyọ̀ afẹ́fẹ́ wa ti jẹ àwọn ìdè rẹ̀, mo bẹ̀rù kí wọ́n má já mọ́ mi lọ́wọ́. Títí ló wò ó títí, tó sì sọ pé, "Ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn, ẹ da aṣọ bò ó lójú." Ó ju ìró rẹ̀ bo sólà náà. Ẹ̀fọn dákẹ́. Lọ́sẹ̀ náà ló hun ẹní kan tó ṣe wẹ́kú rẹ̀, ẹní tó ki, tí oòrùn kò lè gbà kọjá. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ìyá wa mọ ẹní hun. Ti Títí tún yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lù, òun ló ń da ẹní bo sólà, èmi á sì tan rédíò.

Aago márùn-ún ni Ràímì máa ń wá.

Aránṣọ ni Ràímì, ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. A ti ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Yorùbá tirẹ̀ kì í ṣe irú tiwa, tiwa kì í ṣe irú tirẹ̀, ohun tó sì fa ẹ̀rín nìyẹn nígbà tí Títí kọ́kọ́ sún mọ́ gbohùngbohùn láti kí i. Òfin wa ni pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lè sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ni ìwé bá ti jókòó tì í. Mo jókòó tì í. Kò pẹ́ tí Ràímì fi ń kọ́kọ́ béèrè Títí kó tó kí mi.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá dà?"

"Ìyá rèé," Títí á ti já gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀yin aránṣọ, kí lẹ jẹ lónìí?"

"Àkàsà, ẹ̀kọ tiwa, àti ẹja ni."

"Ẹja wo? Èyí tó ti rin ìrìn àjò dé ọ̀dọ̀ yín yẹn? Ẹ wá jẹ pupuru àti ẹja tó ṣì ń bínú."

Mo jókòó, mo sì ń gbọ́. Ìyàwó mi, tí mo ti fẹ́ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, kò fi irú ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tàbí ó fi bá mi sọ̀rọ̀, tí n kò gbọ́ nítorí pé ọ̀dọ̀ rédíò ni etí mi wà. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi tí mo ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀wù mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ. Ìyàwó méjì ni Ràímì ní nílé. Mo ń rò ó pé kí ló tún ń wá nínú atẹ́gùn.

Ohun tó bà á jẹ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ bùbá. Títí sọ fún un nípa ẹní orí sólà. Ràímì ní sólà tòun náà ń kùn bí ẹ̀fọn, kí Ìyá jọ̀ọ́ hun ọ̀kan fún òun, òun á sì rán bùbá fún un.

"Ẹ fi okùn wọn èjìká yín," ni ó wí, "kí ẹ sọ bó ṣe gùn tó fún mi."

Títí mú okùn tó fi ń hun ẹní, ó wọn èjìká rẹ̀ níwájú mi, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti inú rédíò mi, lábẹ́ ìwé àṣẹ mi. Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ohùn rédíò fi ń rìn dé òṣùpá. N kò mọ bí èjìká ìyàwó mi ṣe gùn tó. Ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo iná tí a fi ń yan ẹja. Mo yí ẹ̀yìn ilé, mo gbé igun ẹní sókè. Oòrùn wọlé sára sólà, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, Títí ń fi etí sí rédíò.

"Tíṣà, ariwo yẹn tún ti dé. N kò gbọ́ wọn mọ́."

"Ojú ọjọ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Èmi ni mo sọ ara mi di ẹni tó ń di etí ẹlòmíràn kí inú tèmi má bàa bàjẹ́. Mo ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

"Irú ojú ọjọ́ wo," ni Títí bi mí, "ló ń wá ní aago márùn-ún lójoojúmọ́ bí olùkọ́?"

Ó jáde, ó rí i pé igun ẹní ti ṣí. Mo ní atẹ́gùn òkun ni. Ó jókòó, ó hun okùn mẹ́rin mọ́ igun ẹní náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi kókó dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ sólà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ràímì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín wọn, mo sì lọ wo iná ẹja. Mo tú kókó méjì. Nígbà tí mo wọlé, gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ Títí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jáde lọ wo ẹní. Ó padà wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wò mí.

"Tíṣà," ni ó wí, "atẹ́gùn ìlú wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kókó."

Kò pariwo. Kò tún sọ ọ́ mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà, bí Ràímì bá dé, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa hun ẹní, yóò sì ní kí n bá òun kí i. Mo ti borí, mo sì ń wo bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀. N kò rí ẹnu fi sọ pé kí ó wá jókòó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. N kò ní kọ ìyẹn.

Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí Títí ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, n kò tan rédíò. Nígbà tí mo tún tan án, Ràímì ní, "Tíṣà, a ti ń wá yín o! Ìyá dà?"

Mo tẹ gbohùngbohùn, mo ní, "Ó ń kí yín."

Ìdí tí mo fi purọ́ rèé, kì í ṣe pé n kò fẹ́ sunkún lójú ọkùnrin. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Awoye àti Molutehin, wọ́n ti ń pe Títí ní olóògbé. Ní ilé kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́, ó ṣì ń hun ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì ń bínú sí ẹja àwọn ẹlòmíràn. Owú tó ń jẹ mí sí Ràímì nígbà náà, kò sí irú rẹ̀ rí. Ó ní ìyàwó méjì, ó sì ní tèmi, láàyè. Kí n sọ fún un dà bí ẹni pé èmi ni mo máa tún pa Títí níbi tó kù tó ṣì wà láàyè. Kí n má sọ fún un, mo ń jẹ́ kí ó máa gbádùn ohun tí èmi kò ní. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un pé, "Ó ń kí yín."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dé wá tún ilé ṣe. Ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, ẹní kékeré tí wọ́n ká, tó ní okùn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bàbá, ṣé ti sólà tiwa ti gbó ni?"

Mo gbà á. Ó ti parí. Gbogbo àkókò tí mo fi rò pé mo ti gba ìyàwó mi padà, ẹní Ràímì ni ó ń hun níwájú mi.

"Ti aránṣọ Àjàṣẹ́ ni," ni mo wí.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé Màmá...?"

Mo tún ẹní náà ká. Bọ̀dé jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. "Bàbá, bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo da ẹní bo sólà fúnra mi, mo de kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Rédíò mọ́ bí ti ìgbà tí à ń lọ sí Ode Mahin.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá dà?"

Mo sọ fún un. Mo sọ iye oṣù tó ti kọjá, mo sọ pé mo purọ́. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ gbohùngbohùn, n kò gbọ́ ohùn kankan. Kò sí ẹ̀fọn, kò sí ariwo tí mo lè dá lẹ́bi. Ìdákẹ́ Ràímì ni mo ń gbọ́ gan-an, ó sì gùn. Lẹ́yìn náà ni ó ní bùbá náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, òun ń retí ẹni tó máa gbà á.

Mo wá sọ èyí tó kù. Mo ní, "Ràímì, ẹ má bínú. Àwọn ọjọ́ tí Ìyá kò gbọ́ yín mọ́, èmi ni mo ń tú ẹní."

"A mọ̀," ni Ràímì wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá fúnra rẹ̀ ni. Tíṣà, ariwo yín, etí tiyín ló ń dí. Èmi ń gbọ́ yín ketekete níbí."

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn nípa rédíò, mo gbàgbé èyí. Lọ́jọ́ tí mo jáde lọ tú kókó, Títí kò gbọ́ Ràímì mọ́, ṣùgbọ́n Ràímì ń gbọ́ ọ. Títí tẹ gbohùngbohùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ, kí n tó wọlé. Ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ ìyàwó mi lọ́wọ́ tí èmi kò gbọ́ rí.

"Kí ló sọ?" ni mo béèrè.

"Ó ní, ‘Tíṣà ti jáde lọ tú kókó. Ẹ jẹ́ kí ó tú u. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń jowú rédíò yìí. Ó ti tó kí òun náà jowú mi wò.’ Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, Tíṣà. Ó dùn mọ́ ọn."

Bọ̀dé ti gbé ẹní náà lọ sí Àjàṣẹ́, ó máa gba bùbá bọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí mi ní aago márùn-ún tí mò ń da ẹní bo sólà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ohùn jẹnẹrétọ̀ yín kù díẹ̀. Mo ti ní kí Ràímì tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó tún un sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́ lánàá. Kì í rẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti parí rẹ̀, owú tún máa ń jẹ mí, nítorí pé ohùn Ràímì ni mo fi ń gbọ́ ọ.